Aago mẹ́rin ìdájí kọ́ ló ń kọ̀wé
Òǹkọ̀wé tó kọ àpilẹ̀kọ tí mò ń fèsì sí yìí ní ẹni tí kò bá jí kọ̀wé láago mẹ́rin ìdájí kò lè parí ìtàn àròsọ. Mi ò gbà rárá! Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Àjé, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọ̀sán tí oníbàárà ò bá sí ni mo máa ń kọ ìtàn tèmi, sẹ́yìn ìwé tí mò ń kọ gbèsè sí, ojú ìwé kan péré. Láàárín oṣù 7, ó ti lé ní 200. Lálẹ́, màá kà á sókè fún ìyá ọkọ mi. Ibi tí wọ́n bá ti ní ará Ìjẹ̀bú ò lè sọ̀rọ̀ báyìí, mo fagi lé e nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fèsì ṣáájú mi pé kéèyàn dúró de ìmísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Ọjọ́ tí n kò rí nǹkan kọ, ọ̀rọ̀ táwọn méjì fi ń ná ọjà ni mo kọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni orí kẹta ti jáde.