Wáyà Ọdún 1915: Kí Tọ́kì Yé Fi Òfin Dí Òpìtàn Lẹ́nu

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915, Bahaettin Şakir, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso Ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba tó wà ní Tọ́kì kí Tọ́kì òde òní tó dé, tẹ wáyà (tẹligíráàmù) láti ìlú Erzurum sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o. Bí èèyàn bá tú nọ́ńbà náà sí ọ̀rọ̀, ìbéèrè ni nípa àwọn Améníà, ẹ̀yà Kristẹni kan tó ń gbé ilẹ̀ náà: àwọn Améníà tí wọ́n ń kó kúrò lọ́dọ̀ yín yẹn, ṣé ẹ ń pa wọ́n run ni, àbí ẹ kàn ń lé wọn lọ lásán?

Ìbéèrè yẹn nìkan tó láti mú orí èèyàn wú. Kì í ṣe pé wọ́n ń pa èèyàn ló ń kọ ẹni tó bi í lóminú. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni kó má lọ jẹ́ pé wọn ò pa wọ́n.

Òpìtàn Taner Akçam ló gbé fọ́tò ojúlówó wáyà náà síta lọ́dún 2017, ọmọ Tọ́kì sì ni òun fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ní Tọ́kì pé ayédèrú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ojúlówó rẹ̀ dà. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé ẹjọ́ ológun ní Istanbul ti fi wáyà yìí ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì dájọ́ ikú fún Şakir nígbà tí òun ti sá lọ. Ṣùgbọ́n fáìlì ẹjọ́ náà di àwátì.

Àlùfáà Kátólíìkì kan ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Krikor Guerguerian lorúkọ rẹ̀, Améníà ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó pàdé adájọ́ àtijọ́ kan ní Kairo, onítọ̀hún sì ta á lólobó pé àwọn ìwé kan láti inú ẹjọ́ yẹn ti dé ọwọ́ ìjọ Améníà ní Jerúsálẹ́mù. Ó gba ibẹ̀ lọ, ó ya fọ́tò wọn. Ó kú lọ́dún 1988, àwọn fọ́tò náà sì wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní New York títí Akçam fi débẹ̀. Akçam kò kàn gbé fọ́tò sókè kó máa pariwo. Ó mú nọ́ńbà inú wáyà, ó fi wé èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń lò nígbà náà, tó ṣì wà nínú ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí ní Istanbul. Wọ́n bára mu. Ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akéwì, oníwèé ìròyìn àti aṣáájú Améníà ní Istanbul. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, òfin ti jáde tó fàyè gba kíkó odidi ìlú kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ pa. Wọ́n da obìnrin, arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà aṣálẹ̀ Deir ez-Zor ní Síríà, ebi àti òùngbẹ sì pa àwọn tí ọ̀bẹ kò pa. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ẹ̀mí tó lọ tó mílíọ̀nù kan. Àwọn Améníà ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni. Ìyà náà kò yọ àwọn Ásíríà àti Gíríìkì ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Ìjọba Tọ́kì kò jiyàn pé èèyàn kú, pé ó jẹ́ ìpẹ̀yàrun ni wọ́n sẹ́. Wọ́n ní ogun ló fà á, àti àrùn, àti pé àwọn Améníà kan gbè sẹ́yìn Rọ́ṣíà. Lóòótọ́, àwọn kan bá Rọ́ṣíà jà. Kí wá ni ọmọ ọwọ́ ṣe fún Rọ́ṣíà? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: ọmọ-ọmọ àwọn tó rin ọ̀nà yẹn ṣì ń sọ ọ́ ní Beirut, ní Paris, ní Los Angeles.

Ohun tó mú wa gbé gègé ni abala 301 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Tọ́kì, èyí tó ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n bá ní ó tàbùkù orílẹ̀-èdè náà. Òun ni wọ́n fi dá Hrant Dink lẹ́bi lọ́dún 2005. Olóòtú ni bíi tiwa, Améníà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, ìwé ìròyìn Agos ló ń darí. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2007, ọmọ ọdún 17 kan yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n da aṣọ funfun bò ó níbi tó dojú bolẹ̀ sí, aṣọ náà kò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Nínú fọ́tò tí gbogbo ayé rí, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ, ó ti luhò. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ọmọ Tọ́kì pọ̀ nínú wọn, tú síta pẹ̀lú àkọlé lọ́wọ́: “Gbogbo wa ni Hrant Dink, gbogbo wa ni Améníà.” Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọmọ Tọ́kì ni à ń bá jà.

Akçam náà kọ̀wé gbè sẹ́yìn Dink nínú Agos, wọ́n sì ṣí ìwádìí ọ̀daràn lé e lórí. Wọn ò bá a dé ilé ẹjọ́, síbẹ̀ ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n sì dá a láre ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011: bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà, ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan tó láti pa òǹkọ̀wé lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 2008, wọ́n ti tún abala 301 náà ṣe pé àfi kí mínísítà ètò ìdájọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè ṣèwádìí ẹnikẹ́ni. Mínísítà òní lè kọ̀, kí tọ̀la gbà.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn aṣòfin ní Ankara, olú ìlú Tọ́kì, wọ́gi lé abala 301 pátápátá. A ò sì fara mọ́ irú èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Faransé, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá sẹ́ ìpẹ̀yàrun náà lọ sẹ́wọ̀n, kó tó di pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ náà fagi lé e lọ́dún 2012. Dink fúnra rẹ̀ tako irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Lẹ́yìn òfin, ó ku fáìlì. Ní 1919 sí 1920, àwọn ẹlẹ́rìí dúró níwájú adájọ́ ní Istanbul, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Èyí tí ìwé ìròyìn ìjọba tẹ̀ jáde ló ṣẹ́ kù fún wa jù lọ. Láti ìgbà tí ìjọba tuntun tó rọ́pò ti Ottoman ti gba ìlú náà, a kò gbúròó ìyókù mọ́. Kí Ankara sọ fún ayé: níbo ni wọ́n wà?