Máàpù Nìkan Kò Lè Sọ Ohun Tó Ń Fa Àìsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí wọ́n bá ti gbé máàpù tó ń fi igi àti koríko hàn lé orí máàpù tó ń fi àìsàn hàn, tí àwọ̀ ewé sì bọ́ sí ibi tí àìsàn kò ti pọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: igi ló ń mú ara àwọn ará ibẹ̀ le. Àwọn akọ̀ròyìn ń sọ ọ́, àwọn olóṣèlú ń sọ ọ́, àwa tí a fẹ́ràn igi náà kò sì gbẹ́yìn. Èmi náà gbà pé àyíká tó ní igi ń ṣe ara lóore, ẹ̀rí sì wà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí máàpù ni ẹ̀rí náà ti wá.

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń fi gbe ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ ni ti dókítà John Snow ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní àrùn onígbáméjì ń pa ènìyàn ní 1854, Snow ya máàpù, ó fi àmì sí gbogbo ilé tí òkú ti jáde, ó rí i pé àwọn àmì náà ṣù mọ́ ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, àrùn sì dáwọ́ dúró. Ìtàn náà dùn, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Láti 1849 ni Snow ti tẹ ìwé jáde pé inú omi ni ó gbà pé àrùn náà ń gbà wọ ara. Nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1854, iye àwọn tó ń kú ti ń lọ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà ti sá lọ. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni ó tó ya máàpù rẹ̀, 1855 ni ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Àwọn tí kò bá ìrísí máàpù náà mu ni ẹ̀rí Snow dúró lé jù. Ilé kan wà ní Poland Street tí wọ́n ń kó àwọn òtòṣì sí. Ènìyàn 535 ló ń gbé ibẹ̀, ilé olókùú yí wọn ká, síbẹ̀ ènìyàn 5 péré ló kú nínú wọn, nítorí wọ́n ní kànga tiwọn. Ìyá opó kan sì wà ní Hampstead, níbi tí àrùn náà kò dé, tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án: ó fẹ́ràn omi Broad Street débi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìgò rẹ̀ wá fún un. Ikú ìyá yìí kò tilẹ̀ sí lórí máàpù náà, torí Hampstead jìnnà sí ibi tí máàpù náà mọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó lágbára tó o nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá wo William Farr, onímọ̀ ìṣirò tó ń bá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkójọ àkọsílẹ̀ ikú. Nígbà tó yẹ àjàkálẹ̀ onígbáméjì ti 1848 sí 1849 wò, ó rí i pé bí ilẹ̀ àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá ṣe ga tó sí odò Thames ni ikú ibẹ̀ ṣe ń dínkù tó. Níbi tí ilẹ̀ kò ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, àwọn tó kú nínú 10,000 ènìyàn lé ní 100. Níbi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, wọn kò tó 20. Ìbáṣepọ̀ náà ṣe déédéé débi pé ó ṣeé fi ìṣirò sọ tẹ́lẹ̀. Farr parí èrò sí pé afẹ́fẹ́ búburú tó ń jáde láti inú ìdọ̀tí etí odò ló ń pa wọ́n. Òǹkà rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tó pè ní ìdí ni kò tọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ló ń mu omi tí wọ́n fà láti ibi tí ìgbẹ́ ìlú ti ń ṣàn wọ odò. Bí a bá gbé òǹkà Farr sórí máàpù aláwọ̀ mèremère ti òde òní, ẹni tó bá wò ó á búra pé gíga ilẹ̀ ni oògùn onígbáméjì.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni Snow fi borí irú àṣìrò bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ omi méjì ló ń bá ara wọn du oníbàárà ní àwọn òpópónà kan náà. Ilé iṣẹ́ Lambeth ti gbé ibi tó ti ń fa omi lọ sí òkè odò ní 1852; Southwark and Vauxhall ṣì ń fà á láàárín ìlú. Snow ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ ilé iṣẹ́ tó ń fún wọn lómi, nítorí onílé ló ń san owó rẹ̀. Ó wá ń bu omi díẹ̀ sínú ìgò, ó ń kán èròjà kan tó ń fi iyọ̀ hàn sí i: omi Southwark and Vauxhall, tí iyọ̀ inú rẹ̀ fi bí ìlọ́po 40 ju ti Lambeth lọ, máa ń ṣú funfun lọ́gán. Nígbà tó ṣírò ikú ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ ti àjàkálẹ̀ 1854, ti Southwark and Vauxhall jẹ́ 315 nínú ilé 10,000, ti Lambeth sì jẹ́ 37. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń mí, orí ilẹ̀ kan náà ni ilé wọn wà. Kò sí máàpù tó lè ya irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Lónìí, irinṣẹ́ ti pọ̀. Ní 2014 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká gbé EnviroAtlas sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni fi lè wo bí igi, omi, ojú ọ̀nà àti iye olùgbé ṣe pín sí ní àdúgbò. Mo gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọ̀ ewé orí irú máàpù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Sátẹ́láìtì ń wo ìmọ́lẹ̀ tí ewé ń dá padà. Kò mọ̀ bóyá ọgbà ìtura ni, tàbí pápá gọ́ọ̀fù tí wọ́n mọ odi yí ká, tàbí igbó tó hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n pa tì. Nínú àwòrán Landsat, ìyẹn àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ilẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán náà fẹ̀ tó mítà 30 níbùú àti lóròó, nítorí náà igi kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn ń sá sábẹ́ rẹ̀ lè má hàn rárá. Òǹkà àìsàn orí máàpù náà sì jẹ́ ìpíndọ́gba àdúgbò: kò sọ ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi àti ẹni tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn tí kò ní igi.

Ti owó ló burú jù. Ní ìlú púpọ̀, ibi tí igi pọ̀ sí ni ilé ti wọ́n, ẹni tó lè ra ilé níbẹ̀ sì lè san owó dókítà, ó lè jẹ oúnjẹ tó dára, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Igi àti ìlera á pàdé lórí máàpù, nígbà tó jẹ́ pé owó ló mú àwọn méjèèjì wá. Àwọn olùwádìí máa ń gbìyànjú láti fi ìṣirò yọ ipa owó kúrò, ó sì ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé yọ.

Ibo wá ni ẹ̀rí tó dára wà? Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ṣẹ́ kèké láti pín ilẹ̀ òfìfo 541 sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n gbin koríko àti igi sí àwọn kan, wọ́n kó pàǹtí kúrò lórí àwọn kan lásán, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018, àwọn tó ń gbé nítòsí ilẹ̀ tí wọ́n gbin nǹkan sí tí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá àwọn fi bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn tó ń gbé nítòsí ilẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ti kíkó pàǹtí nìkan kò ní ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé. Nítorí pé kèké ló yan ilẹ̀, owó kò ráyè dí wa lójú.

Àwọ̀ ewé pàápàá kì í ṣe oore nígbà gbogbo. Igbó tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ sáàárín ilé lè sọ ènìyàn di alábàápàdé eégbọn tó ń gbé àrùn Lyme, àtíkè òdòdó ń yọ oníkọ́ fée lẹ́nu, igi tó sì ṣù bo òpópónà tóóró lè sé èéfín ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.

Lójú tèmi, ibi tí máàpù ti wúlò jù ni ibi tí a ti mọ ohun tó ń fa ewu náà tẹ́lẹ̀. A mọ̀ pé ìbòòji àti omi tí ewé ń mí jáde ń dín ooru kù, a sì mọ̀ pé ooru líle ń pa àwọn arúgbó. Bí máàpù bá wá fi hàn wá àdúgbò tí arúgbó pọ̀ sí, tí ooru mú, tí kò sì ní igi, kò ní láti fi ìdí kankan múlẹ̀ mọ́. Àdúgbò tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbin igi sí ló kàn ní láti sọ.