Jẹ́sì Ìrántí Ò Lè Gbé Èèyàn Dé Ọsibítù

Sátidé tó kọjá, a wà ní pápá ilé ìwé kan lẹ́yìn Tákìẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bọ́ọ̀lù ìrántí ni wọ́n ń gbá fún kápítéènì wọn tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn fáànù ẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọmọdé ti gun orí igi máńgòrò, àwọn ọlọ́kadà jókòó sórí máṣíìnì wọn létí ọ̀nà wọn ò gbé èrò mọ́, ìyá oníbọ̀ọ̀lì gan-an pa iná tì, ó ń wòran. Jẹ́sì funfun ló kún ibẹ̀, fọ́tò ẹ̀ wà láyà, nọ́ńbà 4 wà lẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù ṣe pé ìṣẹ́jú kẹrin, rẹfirí fun fèrè, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ ọ̀hún gbà tó ìṣẹ́jú kan gbáko, bàbá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń pàtẹ́wọ́ lomi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò tiẹ̀ nù ún.

A ò ní dárúkọ kápítéènì yìí. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé, màmá sì ti sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé orúkọ ọmọ òun kiri inú ìwé ìròyìn. Ká kàn sọ pé aṣọ kápítéènì tó máa ń so mọ́ apá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ègé áńkárá kan tó ṣẹ́ kù lára ìró ìyá ẹ̀ ni, tí bọ́ọ̀lù bá ti parí á tú u, á ká a wẹ́rẹ́, á kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Tí rẹfirí bá ṣe màgòmágó, òun ló máa ń di àwọn ọmọ yòókù mú. Tí wọ́n bá pín piọ́ wọ́tà, òun ló máa ń mu kẹ́yìn.

Àwọn àgbà kan ní àṣà òyìnbó ni pípàtẹ́wọ́ sí òkú, pé ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù làwọn ọmọ yìí ti kọ́ ọ. Òótọ́ ni, kò sì burú. Dani Jarque, kápítéènì Espanyol ní Sípéènì, ọmọ ọdún 26 péré, kú sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Florence nílẹ̀ Ítálì lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, orí fóònù ló wà pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tó lóyún. Nọ́ńbà 21 ló ń wọ̀. Látìgbà yẹn, tí bọ́ọ̀lù Espanyol bá ti di ìṣẹ́jú 21, àwọn fáànù á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá wo fáínà Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 2010 á rántí Iniesta ti Sípéènì, bó ṣe gbá góòlù tí wọ́n fi gba kọ́ọ̀pù yẹn wọlé tán ló bọ́ jẹ́sì, orúkọ Jarque ló kọ sára síńgílẹ́ẹ̀tì, rẹfirí sì fún un ní yẹ́lò káàdì, bẹ́ẹ̀ Iniesta ò tiẹ̀ bá Jarque ṣe kílọ́ọ̀bù kan náà rí. Ẹ wo ayé náà ṣá, kílọ́ọ̀bù Florence yẹn gan-an, Fiorentina, ló pàdánù kápítéènì tiẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2018. Davide Astori, ọmọ ọdún 31, wọ́n sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Udine torí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Nọ́ńbà 13 ló ń wọ̀, Fiorentina ò fún ẹnikẹ́ni wọ̀ mọ́, Cagliari tó ti gbá fún tẹ́lẹ̀ náà ò fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo èyí làwọn ọmọ wa mọ̀, wọ́n lè kà á fún ẹ lórí. Àmọ́ ìdajì ni wọ́n kọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Ítálì pàtẹ́wọ́ fún Astori tán, wọ́n tún bi ara wọn pé kí ló pa á, ta ló yẹ kó ti rí i kó tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dé kóòtù, lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ kan ní Florence dá dókítà tó fún un níwèé pé ara ẹ̀ le lẹ́bi. Níbí ńkọ́? Ọjọ́ kejì tí kápítéènì tiwa kú, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá gbá ló sin nǹkan sídìí òpó góòlù. Wọ́n tiẹ̀ gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n rí ìdérí ìgò mínírà àti egungun adìẹ, wọ́n ní ṣé ẹ ti rí i báyìí. Pápá ilé ìwé wo ni wọn ò ti ní rí egungun adìẹ lábẹ́ ilẹ̀ jàre?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò fara sin, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Ó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó kàn dojú bolẹ̀. Wọ́n da piọ́ wọ́tà lé e lórí, wọ́n fi róòbù pa á nímú, ẹnì kan ń wá ṣíbí tí wọ́n á fi la ẹnu ẹ̀, pásítọ̀ kan ń gbàdúrà. Nígbà tó yá wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, orí ẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n tó dé ọsibítù ó ti parí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó gbé ọwọ́ lé àyà ẹ̀. A ò bá wọn wí o, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ìbéèrè wa ni pé lẹ́yìn ọdún méjì, ta ló ti kọ́ wọn? Torí ní Sátidé yẹn gan-an, níbi bọ́ọ̀lù ìrántí yẹn, háàfù kejì, ọmọkùnrin kan tí ò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ ṣubú lẹ́bàá ìlà, oòrùn sì mú gidi. Ẹ fojú inú wò ó, lákòókò yẹn gbogbo pápá ló dá kẹ́, àwọn kan ti ń káwọ́ lérí. Kí ni wọ́n mú wá? Piọ́ wọ́tà. Róòbù. A sì gbọ́ ọ létí ara wa, ẹnì kan tún ní ẹ wá ṣíbí. Àánú Ọlọ́run ni pé òòyì ló kọ́ ọmọ yẹn, ó lajú, ó béèrè omi. Mọ́tò kankan ò sí níbẹ̀. A ka jẹ́sì ìrántí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ₦5,000 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ẹ̀, owó tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù wà lára àwọn èèyàn lórí pápá, mọ́tò kan tó máa dúró de àìsàn ò sí.

Àwọn ọmọ Tákìẹ nìkan kọ́ ṣá. Samuel Okwaraji, tó jẹ́ lọ́yà tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ṣubú ní sítédíọ̀mù ńlá Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, a ń bá Àǹgólà gbá, kò dìde mọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè sunkún, wọ́n mọ ère ẹ̀ sí sítédíọ̀mù yẹn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé, lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia, nínú líìgì tó ga jù nílẹ̀ wa o, ìròyìn sì gbé e pé áńbúláǹsì tó wà níbẹ̀ kọ̀ kò sítáàtì, ńṣe ni wọ́n ń tì í. Ère Okwaraji wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Àwọn kan á ní ọlọ́jọ́ ló dé. A ò bá yín jà, àmọ́ ọlọ́jọ́ Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, náà dé nígbà tó ṣubú lórí pápá ní Copenhagen lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn èèyàn ló dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Simon Kjær tó jẹ́ kápítéènì wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kó àwọn yòókù jọ kí wọ́n fara ṣe ògiri yí i ká, àwọn dókítà tẹ àyà ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ta ọkàn ẹ̀ jí, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ti padà sórí pápá ní Íńgíláǹdì. Irú iṣẹ́ kápítéènì tó yẹ káwọn fáànù wa wò nìyẹn.

Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, a ò tan ara wa. Àmọ́ títẹ àyà ò gba kọ́bọ̀. Tí ẹni tó ṣubú ò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ rán ẹnì kan lọ wá mọ́tò, kí ẹ̀yin gbé ọwọ́ méjèèjì léra wọn sáàárín àyà ẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ gidi, kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 nínú ìṣẹ́jú kan, kó sì máa padà sókè kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Á rẹ yín, torí náà ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Gbogbo ìṣẹ́jú kan tó bá lọ lásán, àwọn oníṣègùn ní ìrètí ẹni yẹn ń dín ní bíi ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wá ṣírò iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wá ṣíbí.

Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe ìlú tó yẹ kí wọ́n ti máa wá ṣíbí. Ọsibítù méjì tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà ló wà níbí, ti LAUTECH àti ti Bowen, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì kún ìgboro, àwọn náà ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wa nírọ̀lẹ́. Kí àwọn olórí fáànù lọ bá wọn, kí wọ́n wá kọ́ gbogbo kóòṣì àti kápítéènì, àárọ̀ Sátidé kan ti tó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù sì ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo pápá fún kọ́ọ̀pù, ó gbọ́dọ̀ fi mọ́tò kan tó ń ṣiṣẹ́ hàn, dírẹ́bà á wà nínú ẹ̀, àti èèyàn méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí rẹfirí má fun fèrè. Kọ́ọ̀pù àwọn olóṣèlú gan-an la fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú, àwọn tó jẹ́ pé tí ìbò bá ti ń bọ̀ ojú wọn ló máa ń wà lára jẹ́sì, wọ́n lówó bébà, wọ́n lówó máíkì, wọ́n lówó DJ.

Ní ti àtẹ́wọ́ ìṣẹ́jú kẹrin, kí wọ́n máa pa á lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, a ò sí lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyá kápítéènì ò wá sí pápá ní Sátidé, kò wá lọ́dún tó kọjá náà. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí wọ́n ń ká àga, ọmọdébìnrin kan dé, ó ní Ìyá ló rán òun. Wọ́n rò pé owó tí wọ́n dá fún màmá ló wá gbà, wọ́n ti ń ká a. Ó ní rárá o, Ìyá gbọ́ pé ọmọ kan tún ṣubú, ó ní kóun béèrè bóyá ọmọ náà ti délé, àti pé ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀.