Ti Layla lèmi ń ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo kàtúùnù Kaleido Star, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ayé ló ń ṣe ti Sora. Ti Layla lèmi ń ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e dé inú fóònù rẹ̀ nígbà tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa ní Gáà Àkànbí. Mo ní kàtúùnù ṣáà ni, kí ló kàn mí níbẹ̀? Mò ń ṣẹ́tí ìró oníbàárà, mo kàn ń fetí gbọ́ ọ lẹ́yìn. Kí ó tó di apá kẹfà, mo ti pa máṣíìnì.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn ará Jàpáànì ló ṣe é lọ́dún 2003, apá 51 ni. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan, Sora Naegino, fi ilé sílẹ̀, ó gba Amẹ́ríkà lọ, òun fẹ́ di ìràwọ̀ ní Kaleido Stage, ilé eré ńlá kan tí wọ́n ti ń da sákọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ eré orí ìtàgé. Ó pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń yan òṣèré. Layla Hamilton, tó jẹ́ ìràwọ̀ ibẹ̀ nígbà náà, ní kó máa lọ sílé. Kalos, ọ̀gá ibẹ̀, ló gbà á wọlé. (Ẹ̀mí kékeré kan wà nínú ìtàn náà tó ń jẹ́ Fool, kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí i. Ìgbà tí màmá mi gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní kí ọmọ náà pa fóònù kíá.)

Layla ò rẹ́rìn-ín sí ọmọ yìí. Kò kí i. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, á sọ ọ́ sí i lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní ìkà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe. Eré àràmàǹdà kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rù, bàbá Yuri, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wọn, ló kú sí i. Layla mú Sora, àwọn méjèèjì jọ lọ jìyà ní Grand Canyon kí wọ́n lè ṣe é. Èjìká Layla ti bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ eré, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ṣe eré yẹn, òun lè má fò mọ́ láyé. Ó ṣe é. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán, ó fi àyè ìràwọ̀ sílẹ̀ fún Sora. Apá 26 nìyẹn. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nílùú Ìlọrin yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọwọ́ wọn dára, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n bí agbádá olówó bá ti dé orí tábìlì, tí wọ́n na téèpù, tí wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ní, "Lọ ra òwú wá l'Ọ́jà Ọba." Òwú wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo máa ń rí i: funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo máa lọ. Kí n tó dé, wọ́n á ti gé aṣọ náà tán, wọ́n á ti ká a, ègé tọrùn á wà lábẹ́ pátápátá. Tèmi ni kí n rán an pọ̀. Nígbà tí mo jàjà béèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo tẹ́ agbádá bàbá mi kan sórí ẹní, mo tú u palẹ̀ lójú rírán kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ bí ọrùn ṣe ń jókòó. Ọjọ́ mẹ́rin. Nǹkan tí wọ́n ìbá fi ìṣẹ́jú márùn-ún fi hàn mí! Bàbá mi wá agbádá yẹn títí, wọn ò mọ̀ títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má pe Layla níkà fún mi. Ìkà ni kí wọ́n rán ọ lọ ra òwú tó wà nílé.

Màmá mi, ọmọ Òmù-Àrán ni wọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n mú wa lọ wo Eégún Eléwe. Àwọn Ìgbómìnà mọ ohun tí mò ń sọ: ó ń fò bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Obìnrin ni mí, mi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ, mi ò sì béèrè. Ohun tí ojú mi rí ní gbangba ni àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tó dúró sẹ́yìn agbo, bó ṣe ń fò ni wọ́n ń fò, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Ibi tí mo ti bá Sora jà ni ìdíje sákọ́ọ̀sì tí wọ́n lọ ṣe ní Paris nínú ìtàn náà. Àwọn òṣèré ń fẹ́ ṣe ara wọn léṣe níbẹ̀, ó bá kúrò nínú ìdíje, ó ní ìtàgé tí kò níjà lòun ń wá. Níbo? Kó wá sí àdúgbò wa, aránṣọ mẹ́fà ló wà láàárín gáréèjì àti mọ́ṣáláṣí.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo ti sọ fún wọn pé bí mo bá ti ń gé aṣọ, kí wọ́n fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n wá dúró ti tábìlì. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, oníbàárà mi àtijọ́ kan wọlé, ó gbé léèsì rẹ̀ kalẹ̀, ó tọ́ka sí èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gé tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo na téèpù sí ọmọ náà. "Lọ ra òwú wá" ti dé orí ahọ́n mi kí n tó gbé e mì.