Ìgò tó bá ti tán, kó tán síbẹ̀

Ẹ wo ìgò ọtí líle kan tí wọ́n ti mu tán. Lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀ ṣì ń dán, gíláàsì ẹ̀ ò sán, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Lójú ẹni tó mu ún tán, pàǹtírí ni. Àmọ́ lójú àwọn tó ń ta gbàrọgùdù, ọjà gidi nìyẹn o, torí ohun tó nira fún wọn kì í ṣe ọtí tí wọ́n máa rọ sínú ẹ̀, omi àti àwọ̀ àti spírítì burúkú ò wọ́n wọn, ìgò táwọn èèyàn máa rí tí wọ́n á gbà pé ojúlówó ni, ìyẹn ló nira, ẹni tó mu ojúlówó lánàá ló sì bá wọn tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ò gùn. Gbogbo ìgò ọtí líle tó bá máa jáde ní iléeṣẹ́, kó ní ìdérí tí ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan rọ padà sínú ẹ̀, kí ìjọba sọ ọ́ di òfin, kó má jẹ́ pé ilééṣẹ́ tó bá wù nìkan ló ń ṣe é. Ohun kejì ló tiẹ̀ ń ká wa lára jù: bí ẹnì kan bá fipá yọ ìdérí yẹn, àpá ẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete sí ẹni tó fẹ́ mu ún, kó má ṣeé fi pamọ́ rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gbé ìgò mẹ́ta tó ti ṣófo sórí tábìlì ní ọ́fíìsì wa, iléeṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Àkọ́kọ́ ní ìdérí onírin tó ń yí, tó ní òrùka kékeré nísàlẹ̀ tó máa ń já téèyàn bá kọ́kọ́ ṣí i. A ti àrọ bọ ẹnu ẹ̀, a da omi sí i, kò tó ìṣẹ́jú kan ó ti kún. Ìkejì ní nǹkan rọ́bà kan lọ́rùn tó ní bọ́ọ̀lù gíláàsì nínú, a da omi sí i, omi dúró lórí bọ́ọ̀lù yẹn, ó gbọ̀n díẹ̀, ló bá ṣàn wálẹ̀ lára ìgò títí dé orí ìwé tó wà lórí tábìlì, ẹ̀kán kan ò wọlé. Inú wa dùn. Àfìgbà tí ọ̀kan nínú wa ki ọrùn ìgò ọ̀hún bọ omi gbígbóná tó sì fi ṣíbí gbé rọ́bà yẹn létí, ló bá jáde pọ́kí, odidi, kò há, kò ya, a tún tẹ̀ ẹ́ padà ó sì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀ bíi pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀. Ìkẹta la ò rí yọ láìbà á jẹ́, ó fọ́ sí mẹ́ta, ègé kan há sí ọrùn ìgò, afọ́jú nìkan ni ò ní mọ̀ pé wọ́n ti dán nǹkan wò lára ìgò yẹn. Irú ìkẹta yìí là ń bèèrè fún.

Ó lè dà bíi pé iṣẹ́ kékeré ni, kí nǹkan jáde, kí nǹkan má wọlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dojú ìgò ọlọ́rùn tín-ín-rín délẹ̀ kẹ́ẹ tẹ́tí sí i, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń dún gbulu-gbulu, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé bí omi ṣe ń jáde, àwọn méjèèjì ń du ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìgò tí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà wọ̀ ò lè dà dáadáa. Nítorí náà ẹni tó ń ṣe ìdérí gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ọ̀nà tó fi sílẹ̀ yẹn náà sì ni olè á máa wá. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ìṣòro tiwa ni pé ògiri yìí gbọ́dọ̀ lanu dandan.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni fáàfù kékeré kan tó jókòó lórí ihò, tí bọ́ọ̀lù gíláàsì tàbí ti rọ́bà wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìgò bá wà ní òòró, ìwúwo bọ́ọ̀lù yẹn á tì í pa. Bí ẹ bá dà á, bọ́ọ̀lù á yí kúrò lórí ẹ̀, fáàfù á ṣí, ọtí á gba àárín jáde, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ẹ bá gbé e dúró padà, ó ti. Ó wù mí púpọ̀, mo gé ọ̀kan sí méjì láti rí inú ẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ ègé mẹ́rin márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ olè náà ń ronú o. Wọ́n á dùbúlẹ̀ ìgò kí bọ́ọ̀lù má lè tẹ nǹkan kan, wọ́n á fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kó lè fa omi wọlé fúnra ẹ̀, àwọn kan á fi abẹ́rẹ́ wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, àwọn míì ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdérí rárá, ìdí ìgò ni wọ́n ń lu tí wọ́n á sì dí i padà. Ẹni tó bá sọ pé òun ti ṣe ìdérí tí kò sẹ́ni tó lè borí ẹ̀ láyé, ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ olè pẹ́, kó gbówó lórí, kó sì fi àpá sílẹ̀.

Ìjà yìí ti pẹ́ o. Láti òpin àwọn ọdún 1800 títí wọ inú àwọn ọdún 1900 ni àwọn tó ń hùmọ̀ nǹkan ní Amẹ́ríkà ti ń lé ìgò tí ò ṣeé tún rọ kiri, paténtì (ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) lórí paténtì. Ọdún 1892 ni William Painter gba paténtì lórí ìdérí onírin eléyín yíká tó wà lórí ìgò bíà àti mínírà títí dòní, lẹ́ẹ̀kan la sì ń lò ó lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìdérí tuntun àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ á dé ìgò yẹn padà wẹ́rẹ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fagi lé òfin tó de ọtí ní 1933, àwọn tó ti ń pọn ọtí àbẹ́lẹ̀ ò jáwọ́, ìgò àwọn iléeṣẹ́ gidi ni wọ́n ń rọ tiwọn sí, ni ìjọba bá ní láti 1935 kí wọ́n máa kọ ọ́ sára gíláàsì gan-an pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ìgò yìí tàbí kó tún un lò. Ọdún 1964 ni wọ́n tó dá kíkọ ẹ̀ dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìgò, ọ̀rọ̀ ò sì lè dí ihò. Ẹni tó fẹ́ jalè ti mọ̀ pé òfin wà, ẹni tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn gbà sílẹ̀ sì ni ẹni tó jókòó tó ń dúró de ife, tí ò tiẹ̀ rí ìgò tí wọ́n bu ún látinú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Nínú ọtí ayédèrú ni wọ́n ti ń bá methanol pàdé, májèlé kan tó jọ ọtí, kò ní òórùn tó yàtọ̀, kò ní adùn tó yàtọ̀, ó ń mú èèyàn yó bí ọtí gidi. Nígbà tó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di formaldehyde, ìyẹn náà á di formic acid, àsìdì yìí ló ń ba iṣan ojú jẹ́. Ó lè tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún kí ẹni tó mu ún tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, á rò pé ọtí ló ń bá òun jà lásán, ìgbà tó bá fi máa sọ pé ojú òun ń ṣú, ó ti pẹ́. Láti September 2012 ní orílẹ̀-èdè Czech, èèyàn tó lé ní 35 ló kú, ìjọba sì gbé òfin dìde pé kí ẹnikẹ́ni má ta ọtí tí agbára ẹ̀ bá ju 20% lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní November 2024, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́fà kú ní Vang Vieng lórílẹ̀-èdè Laos.

A ò ní parọ́ fún yín pé ìdérí ì bá gba gbogbo àwọn yìí là. Ẹni tó bá ní ìgò tuntun àti lébẹ̀ẹ̀lì tó tẹ̀ fúnra ẹ̀ ò nílò ìgò àlòkù, ẹni tó bá sì ń tà á nínú ike láìsí lébẹ̀ẹ̀lì, kí ni ìdérí fẹ́ ṣe fún un? Àmọ́ láti ṣe ìgò tuntun nílò owó, ibi iṣẹ́, àti ẹni tó mọ iṣẹ́, nǹkan téèyàn lè tọpa ẹ̀ dé ilé nìyẹn. Ìgò àlòkù ò nílò ju yàrá kan àti àrọ kan lọ. Tí a bá ti ilẹ̀kùn yìí, àwọn tó kù á dín kù, wọ́n á sì rọrùn láti mú.

Àwọn kan ti ṣe é lórí nǹkan tí ò tiẹ̀ lè pani kíákíá bẹ́ẹ̀. Ní May 2013, àjọ European Commission fẹ́ kí gbogbo ilé oúnjẹ ní Yúróòpù dá ìgò òróró ólífì tí wọ́n ń rọ kún dúró lórí tábìlì, àwọn èèyàn pariwo, ìwé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Sípéènì ò dúró dè wọ́n, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014 ni òfin tiwọn ti ní ìgò tó ní lébẹ̀ẹ̀lì àti ìdérí tí ò ṣeé rọ padà ni kó wà níwájú oníbàárà. Ítálì náà tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn, owó ìtanràn ẹ̀ sì jẹ́ láti 1,000 dé 8,000 Yúróò. Òróró nìyẹn o. Tí wọ́n bá lè ṣòfin torí kí wọ́n má fi òróró tí ò dáa pa òróró dáadáa láyídà, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ohun tó ń fọ́ni lójú fi wà lọ́wọ́ ìfẹ́ inú iléeṣẹ́?

Àwọn iléeṣẹ́ á ní owó ni. Lóòótọ́, ìdérí tó ní ègé márùn-ún wọ́n ju èyí tó ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé orí ọtí olówó ńlá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó, ọtí tó rọjú ni wọ́n fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí owó ẹ̀ ò pọ̀ náà ní ojú méjì tó fi ń ríran. Bí gbogbo wọn bá ń lò ó, owó ẹ̀ á wálẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Àwọn tó ń jà fún àyíká la fẹ́ dáhùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Wọ́n ní ayé ń sọ pé ká máa tún nǹkan lò, ẹ̀yin ń sọ pé kí ìgò má ṣeé tún lò. Ìgò bíà àti mínírà tó ń padà sí iléeṣẹ́ tó ni ín, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń yẹ̀ wò, tí wọ́n tún ń rọ, ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ìdérí yìí dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò omi tí ẹ fi ń bu omi nílé. Ọtí líle la ń sọ. Tí ìgò rẹ̀ bá ti tán, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì. Ibi tí wọ́n ti bá wa wí tí a gbà ni pé rọ́bà àti irin tó há sí ọrùn ìgò ń da àwọn tó ń yọ́ gíláàsì láàmú, torí náà kí àwọn tó ń ṣe é dín oríṣi nǹkan tí wọ́n ń kó pọ̀ kù, kí ó sì já ní ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ti mọ̀ sílẹ̀. Kó má sì le fún àgbàlagbà láti ṣí, ìdérí tó nílò píláyà ti kùnà.

Kí òfin yẹn sì ní ìdánwò gidi nínú. Kí àjọ tó ń bójú tó o gba àwọn tó mọ ọgbọ́n olè, kó fún wọn ní ìgò, omi gbígbóná, pọ́ǹpù, abẹ́rẹ́, wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó ìgò yẹn àti ojúlówó síwájú àwọn èèyàn lásán tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí wọn ò bá lè mọ èyí tí wọ́n ti fọwọ́ bà, kí ìdérí yẹn padà sílé.

Wọ́n á ní kò ṣeé ṣe kíákíá. Ní 2019 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé ìdérí ìgò ohun mímu onírọ́bà tí ò ju lítà mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ máa wà lára ìgò tẹ́ ẹ bá ṣí i, àwọn iléeṣẹ́ ráhùn gan-an, ẹ̀rọ wọn ni wọ́n tún tò, nígbà tó di July 3, 2024, gbogbo wọn ti ń ṣe é. Ọdún márùn-ún, kí ìdérí má baà já bọ́ sí òkun. Ọdún márùn-ún náà la fẹ́ kí wọ́n fún àwọn ọlọ́tí, kí ọjọ́ sì wà lórí ẹ̀.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìgò tó ti tán nílé tàbí nílé ọtí, ẹ fa lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀ ya, ẹ gé ìdérí ẹ̀, ẹ fọ́ nǹkan tó wà lọ́rùn ẹ̀ kẹ́ẹ tó gbé e jáde. Tẹ́nì kan bá sì wá bá yín pé òun fẹ́ ra ìgò ọtí olówó ńlá tó ṣófo, tó tún ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìdérí ẹ̀ pé kí lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀ má ya, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.