Èéfín Èkó: ta ló ń san owó rẹ̀?

Dọ́là bílíọ̀nù 2.1. Iye tí Báǹkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ná Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 2018 nìyẹn, nǹkan bí ìdá 2.1 nínú 100 gbogbo ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ náà. Àìsàn àti ikú àìtọ́jọ́ nìkan ni wọ́n kà o. Páànù tó ń dípẹtà, aṣọ funfun tó di dúdú lórí okùn, wọn ò fi kún un.

Èrò tèmi ni pé ojoojúmọ́ là ń san owó yìí, orúkọ mìíràn la kàn ń pè é. À ń pè é ní owó kẹ́míìsì. À ń pè é ní ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá ọmọ ò lè lọ sọ́jà nítorí òtútù àyà ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ẹnu lásán ni wọ́n fi dá iye náà. Rárá. Wọ́n kọ́kọ́ ń wọn eruku kíkúnná tí wọ́n ń pè ní PM2.5. Ẹyọ kan rẹ̀ kéré débi pé ẹ máa to 30 kí ó tó fẹ̀ tó ẹyọ irun orí kan. Irun imú ò lè sẹ́ ẹ, ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní eruku yìí ò gbọdọ̀ ju maikirogíráàmù 5 lọ nínú rẹ̀, tí a bá pín ti ọdún kan dọ́gba. Ti Èkó nínú ìwádìí yẹn jẹ́ 68. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wo iye èèyàn tó ń mí i, ọjọ́ orí wọn, àti bí àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti òtútù àyà ṣe ń pọ̀ sí i bó bá ṣe ń pọ̀ sí i, kí wọ́n tó sọ ọ́ dowó. Èèyàn 11,200 ló kú ṣáájú ọjọ́ wọn. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ gbì ló ń kú gbì. Ti èéfín ò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ tí kò dá a sílẹ̀ ló ń fà á símú léraléra jù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ ọwọ́ ń mí 30 sí 60.

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour". Inú epo bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì rẹ̀. Bó bá jẹ́ 50 sí 1, mílílítà 20 ni ti lítà epo kan, kò kún ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ojú la fi ń dá a, a sì ń dà á lé nítorí ẹ̀rù pé písítìnì á jó. Àpọ̀jù yẹn ni èéfín bí aró tó ń bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kódà bí ẹ bá pò ó pé, ihò tí epo ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde máa ń ṣí pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, epo tí kò jó á sì bá èéfín lọ. Nínú lítà 5 tí ẹ rà, lítà kan lè ti gba sàláńsà jáde.

Síbẹ̀, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ kí ìjọba kọ́kọ́ dojú kọ, kì í sì í ṣe dírẹ́bà dánfó. Imí ọjọ́ inú dísù ni. Nígbà ìwádìí yẹn, ti wa fi ìlọ́po 200 ju ohun tí Amẹ́ríkà gbà láyè lọ, nǹkan bí 3,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lítà 50 wúwo tó kílò 42, imí ọjọ́ inú rẹ̀ á tó gíráàmù 126. Nínú lítà 50 ti Amẹ́ríkà, kò tó gíráàmù kan. Mẹkáníìkì ò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ pààrọ̀ fítà, ẹ fọ nọ́sù, èéfín dúdú á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n imí ọjọ́ á ṣì jó di gáàsì, gáàsì yẹn á sì di eruku kíkúnná nínú afẹ́fẹ́ tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní rí. Ó tún ń ba kátálíìsì ọkọ̀ jẹ́, ohun tó rí bí afárá oyin nínú páìpù èéfín yẹn, tó ń dín oró èéfín kù. Ìyẹn bí wọn ò bá tíì yọ ọ́ tà, kí wọ́n jó páìpù òfìfo síbẹ̀.

  

Àwọn mínísítà ECOWAS ti fẹnu kò ní 2020 pé láti oṣù kìíní 2021, imí ọjọ́ inú epo tó bá wọlé ò gbọdọ̀ ju 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ, wọ́n sì fún ilé ìfọpo abẹ́lé láyè di 2025. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí náà ti ń pọn dísù láti oṣù kìíní 2024, nítorí náà àwáwí pé òkèèrè la ti ń rà á ti ń dín kù. Ohun tí mo fẹ́ rí ni kí wọ́n máa bu epo wò ní Àpápá kí táńkà tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ iye imí ọjọ́ rẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó lítà kan, kí gbogbo wa lè kà á.