Ẹ má fi PMP dẹ́rù pa àwọn ọmọ wa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, má fowó ṣòfò lórí CAPM, ìwé ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìdarí iṣẹ́ àkànṣe, kí wọ́n kúkú gba PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ti ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ní dìgírí gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ àkànṣe fún oṣù 36 kí PMI, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí méjèèjì, tó gbà á láyè ìdánwò PMP. Níbo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákì àgùnbánirọ̀ ti fẹ́ rí ìrírí oṣù 36? CAPM kò béèrè ìrírí: ìwé ẹ̀rí girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 ti tó. Lóòótọ́, kò sọ ẹnikẹ́ni di máníjà. Àwọn tó ń tà á bẹ́ẹ̀ l'Adó, ẹnu lásán ni. Yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí, èmi a máa bi ọmọ tó bá wáṣẹ́ wá nípa iṣẹ́ tó ti bá wọn ṣe, bíi pé: kànga tẹ́ ẹ gbẹ́ n'Ìkéré, ta ló ń kọ iye símẹ́ńtì sílẹ̀? Kí ló dá iṣẹ́ dúró?